Ìwé Kò Gbọdọ̀ Sọ fún Ojú Ohun Tí Yóò Rí: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Kíka Ọjà ní Ilé Iṣẹ́ Ọṣẹ

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ tí ẹ jókòó, ẹ̀yin sítọ́kípà, ẹ̀yin akáńtáǹtì, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Ọ̀tà, Àgbárá àti Ìkẹjà, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda àkókò yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí ó máa ń dùn létí àwọn òṣìṣẹ́. Bí oṣù Kejìlá bá ti ń parí lọ, tí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé a óò ka ọjà, ojú àwọn ará sítọ́ọ̀ a yí padà, oorun a sì dá lójú wọn. Mo ti ka ọjà nínú ilé iṣẹ́ ọṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti jókòó ti àwọn tí ń kà á, ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe àìmọ̀ọ́kà ni ó ń ba kíkà jẹ́ jù lọ bí kò ṣe ìbẹ̀rù. Kíkà tí a bá ṣe torí kí á lè mú olè kì í sábà mú olè, kì í sì í sọ òótọ́ fún wa, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà yóò ti wá nọ́mbà tí yóò dá a láre sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́.

Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọn kò sọ pé a kì í ka ọjà fún ọlọ́jà. Nígbà tí owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná, iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dunjú ni kíkà jẹ́. Wọ́n a da owó ẹyọ sílẹ̀, wọ́n a máa fi ìka fà á ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di ogún, ogún mẹ́wàá a di igba, igba mẹ́wàá a di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá a sì di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000, ẹrù àpò kan gbáko. Ẹ wo bí ọwọ́ ṣe ń kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí ẹnu tó dárúkọ iye. Kò sí ẹni tí ó ń wo òkìtì owó lókèèrè kí ó sọ pé ọ̀kẹ́ méjì ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún lónìí kò ju pé kí á padà sí irú kíkà bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì wa.

Kí á tó wọ sítọ́ọ̀, ó yẹ kí á mọ ohun tí nọ́mbà kan tí a kọ ní àṣìkọ lè fà. Ká ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan bẹ̀rẹ̀ ọdún pẹ̀lú ọjà àti èròjà tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 40 náírà, ó sì ná mílíọ̀nù 300 láàárín ọdún láti fi ṣe ọṣẹ. Bí ohun tí ó ṣẹ́ kù nílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá bá jẹ́ mílíọ̀nù 60, a jẹ́ pé mílíọ̀nù 280 ni ọjà tí ó tà ná an. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí wọ́n kà á bá kọ mílíọ̀nù 70, mílíọ̀nù 270 ni ìwé yóò sọ pé ọjà títà náà ná an, èrè ọdún yóò sì fi mílíọ̀nù 10 ga ju bí ó ṣe yẹ lọ. Kọ́bọ̀ kan kò wọlé o. Síbẹ̀, wọn yóò san owó orí lórí èrè náà, wọ́n lè pín nínú rẹ̀ fún àwọn tí ó ra ìpín ìdókòwò, bí ọdún tuntun bá sì dé, wọn yóò gbé ọjà mílíọ̀nù 10 tí kò sí nílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Máníjà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́ ní oṣù Kẹta ni wọn yóò máa bi pé kí ló dé tí èrè fi já wálẹ̀.

Òfin tí ó de àwọn ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2020, kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ó ní ilé iṣẹ́ tí ó bá ń ṣòwò ọjà gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ọjà tí ó wà nílẹ̀ ní ìparí ọdún, ó sì gbọ́dọ̀ ní gbogbo ìwé kíkà tí a ti rí àkọsílẹ̀ náà. Ẹ gbọ́ apá kejì yẹn dáadáa. Àròpọ̀ tí akáńtáǹtì tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kò tó. Ìwé kíkà tí àròpọ̀ náà ti jáde, èyí tí ẹni tí ó dúró nínú eruku kọ, wà lára ohun tí òfin ń bèèrè, ọdún 6 ni a sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Mo ti bá bébà bẹ́ẹ̀ nínú àpótí ìdọ̀tí ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn kíkà, àánú ṣe mí.

Àwọn ọ̀dítọ̀, ìyẹn àwọn olùyẹ̀wò ìwé owó, tí ẹ máa ń rí tí wọ́n ń rìn káàkiri sítọ́ọ̀ ní ọjọ́ kíkà, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ti ń wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1938 ni àṣírí ilé iṣẹ́ oògùn McKesson & Robbins tú ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin tí ó jẹ́ ààrẹ rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí F. Donald Coster, Philip Musica ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ó sì ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí jìbìtì. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ olórúkọ ń kọ ìwé sílẹ̀ lórí èròjà oògùn tí wọ́n ní ó wà nínú àwọn ilé ìkẹ́rù ní Kánádà. Nínú dúkìá mílíọ̀nù 87 dọ́là tí ìwé ilé iṣẹ́ náà fi hàn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 ni kò sí rárá, ọjà tí kò sí nílẹ̀ nìkan sì kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dítọ̀ yẹ ìwé wò lọ́dọọdún, ìwé sì ń bá ìwé mu, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lọ fi ojú kan ọjà ní Kánádà. Ní ọdún 1939 ni ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì Amẹ́ríkà wá sọ ọ́ di ìlànà pé ọ̀dítọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí a ti ń ka ọjà. Ìlànà àgbáyé tí àwọn ọ̀dítọ̀ ń tẹ̀ lé lónìí, èyí tí wọ́n ń pè ní ISA 501, sọ bẹ́ẹ̀ náà níbikíbi tí ọjà bá ti jẹ́ apá tí ó jọjú nínú dúkìá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí wọn, ẹ má ṣe rò pé wọ́n wá ṣọ́ yín. Ìròyìn ò tó àfojúbà ni ó gbé wọn wá.

Ẹ jẹ́ kí á wá wọ inú ọgbà ilé iṣẹ́. Iṣẹ́ kíkà kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kíkà. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni ó yẹ kí ilé ti mọ́: kí ohun tí ó jọra wà lójú kan náà, kí ọjà tí ó ti fọ́ tàbí tí ó ti bàjẹ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀, kí ẹrù olówó ẹlòmíràn sì kúrò láàárín tiwa. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni oníbàárà ti san owó ọjà tán, tí ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí ọkọ̀ òun yóò dé. Ọjà yẹn wà nínú sítọ́ọ̀ wa, kì í sì í ṣe tiwa mọ́. Bí a bá kà á mọ́ tiwa, a ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí a ti kọ owó rẹ̀ sílẹ̀ bí ohun tí a tà.

Ohun tí ó tún le ju ìtòjọ lọ ni pípààlà àkókò. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú kíkà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ sí ẹnu géètì, kí ó mú ìwé wébíìlì, èyí tí ó máa ń bá ọjà jáde, kí ó sì kọ nọ́mbà èyí tí ó jáde kẹ́yìn; kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé ìgbawọlé ọjà pẹ̀lú. Gbogbo ọjà tí wébíìlì rẹ̀ kò bá kọjá nọ́mbà yẹn ti kúrò nílẹ̀ kí á tó kà, gbogbo èyí tí nọ́mbà rẹ̀ bá tẹ̀ lé e kò tíì kúrò. Ọkọ̀ tí ó ti kó páálí ọṣẹ 600 sẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí dírẹ́bà rẹ̀ ń sùn sínú ọgbà wa títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọjà ta ni ó wà nínú rẹ̀? Bí a kò bá dáhùn ìbéèrè yìí ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ń ka sítọ́ọ̀ yóò ní òun kò rí i, ẹni tí ń kọ ọjà títà yóò ní kò tíì jáde, páálí 600 yóò sì pòórá láàárín àwọn méjèèjì láìsí ẹni tí ó jí i. Ó dára jù kí ẹ̀rọ dúró pátápátá ní ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Bí ẹ̀rọ kan kò bá ṣeé dá dúró, nítorí pé ìkòkò ọṣẹ ń hó lọ́wọ́, kí á fi okùn pààlà yí i ká, kí á sì kọ wákàtí tí ohunkóhun bá gba orí ìlà náà kọjá.

Èèyàn méjì ni ó ń jẹ́ ikọ̀ kan. Ọ̀kan yóò kà, yóò sì pe iye sókè. Èkejì yóò tún un pè, yóò sì kọ ọ́. Ẹni tí ń kà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ọjà náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Sítọ́kípà yóò wà níbẹ̀, òun ni ó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, òun ni yóò sì júwe pé ọṣẹ aláwọ̀ ewé nìyí, ti funfun nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni nọ́mbà yóò ti jáde. Ìwé kíkà gbọ́dọ̀ ní nọ́mbà tẹ̀léra-tẹ̀léra, kí á lè mọ̀ bí ewé kan bá sọnù. Bíírò ni kí á fi kọ ọ́. Bí ẹnìkan bá ṣàṣìkọ, kí ó fa ìlà kan ṣoṣo sórí rẹ̀ kí èyí tí ó wà lábẹ́ ṣì ṣeé kà, kí ó kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, iye tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ sí lórí ìwé kíkà náà. Káàdì sítọ́ọ̀ tí a ń kọ iye ọjà sí, tí ó ń rọ̀ lára pákó kọ̀ọ̀kan, kí á ká gbogbo rẹ̀ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, àgbàlagbà kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Sítọ́ọ̀. Ní ọdún kan a ka ọjà, gbogbo ohun tí a kà sì bá ìwé mu, kò fi ẹyọ kan lé, kò fi ẹyọ kan dín. Àwọn ọ̀gá yìn ín, wọ́n yin àwa náà. Ní oṣù Kejì, páálí òfìfo tí a fi ń di ọṣẹ tán lójijì, bẹ́ẹ̀ ìwé ṣì ń sọ pé ó lé ní ẹgbẹ̀rún 7 nílẹ̀. Iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n pe Bàbá, ó jókòó, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì sọ fún wa pé ní ọdún tí ó ṣáájú, wọ́n yọ owó nínú owó oṣù òun fún oṣù mẹ́rin nítorí páálí tí ó dín, òun kò sì mọ ibi tí ó gbà lọ. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú kíkà, òun fi tọ́ọ̀ṣì rìn yípo sítọ́ọ̀, òun sì kọ iye inú kọ̀ǹpútà sára gbogbo káàdì. Ní ọjọ́ kejì, àwa tí a wá kà dé iwájú òkìtì páálí òfìfo tí ó ga ju orí wa lọ, a wo káàdì, a wo òkìtì, ó jọ bẹ́ẹ̀, a sì kọ ọ́. Èmi ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi kò kan páálí kan ṣoṣo.

Nígbà tí a wá wádìí, a kò rí olè kankan. Kọ̀ǹpútà máa ń yọ páálí kúrò nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọṣẹ tí a ṣe bá ti pọ̀ tó: ọṣẹ 24, páálí 1. Ẹni tí ó to ìlànà náà sínú rẹ̀ kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún páálí tí ń ya. Ẹ̀rọ ìdìpọ̀ kejì sì ń ya páálí lójoojúmọ́, ní òru ju ọ̀sán lọ, àwọn òṣìṣẹ́ òru a sì lọ mú òmíràn láìkọ ìwé, nítorí pé ẹni tí ó yẹ kí ó fọwọ́ sí i ti lọ sùn. Fún ohun tí ó lé ní ọdún kan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Bí kíkà ọdún àkọ́kọ́ ti fi àlàfo náà hàn, ohun tí ó yẹ ni kí á bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Owó oṣù Bàbá ni a yọ. Bí a ti yọ ọ́ ni a ti kọ́ ọ pé kí ó má ṣe jẹ́ kí àlàfo hàn mọ́. Láti ìgbà náà wá, kíkà tí ó bá bá ìwé mu pérépéré lórí gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé iṣẹ́ ni ó ń já mi láyà jù. Ilé iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń yí, tí àpò ń ya, tí òjò ń rọ̀ sí, kò sí bí ìwé rẹ̀ kò ṣe ní fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀.

Ní ti ọjà tí ó ti parí, ewu tí ó wà níbẹ̀ ni òkìtì. Ká sọ pé páálí ọṣẹ 8 ni ó jókòó lórí ìpele kan páálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pákó pẹrẹsẹ tí a ń to ẹrù lé, ìpele 6 ni wọ́n tò lé ara wọn, a jẹ́ pé páálẹ́ẹ̀tì kan gbé 48. Ẹni tí ó dúró níwájú, tí ó rí páálẹ́ẹ̀tì 12 ní ìbú, tí wọ́n sọ fún un pé 5 ni ó wọlé sẹ́yìn, yóò ṣe ìsọdipúpọ̀, yóò sì kọ 2,880. Kí ó gun àkàbà. Mo gun àkàbà lọ́jọ́ kan, mo sì rí ihò gàdàgbà láàárín òkìtì tí ó dán gbinrin níwájú: páálí 19 ni kò sí níbẹ̀. Òjò ni ó jò gba inú páànù sí wọn lórí, wọ́n yọ wọ́n láti lọ tún wọn dì, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́. Kí á sì ṣí páálí díẹ̀ wò láti inú òkìtì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe èyí tí ó wà níwájú nìkan, nítorí páálí tí a ti lẹ̀ pa kò sọ iye tí ó wà nínú rẹ̀.

Èròjà ní ìṣòro tirẹ̀, torí pé òun kì í dúró bí ó ṣe wà. Sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ máa ń wọlé nínú àpò kílò 25, ó sì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Àpò tí ẹnu rẹ̀ ti ya, tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, yóò wúwo ju bí ó ṣe wọlé lọ, bẹ́ẹ̀ sódà inú rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ọṣẹ tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni òdìkejì rẹ̀: omi ara rẹ̀ ń gbẹ, ó ń fúyẹ́ lójoojúmọ́ lórí pákó tí a tò ó sí. Nítorí náà, bí a bá fi òṣùwọ̀n wọn ọṣẹ tí ó wà ní yàrá ìgbẹ, tí a sì gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kílò tí ó ti inú ẹ̀rọ jáde, yóò dín. Kò sí ẹni tí ó mú un. Kí á wọn ọṣẹ 50 láti orí pákó onírúurú ọjọ́, kí á mọ ìwọ̀n ẹyọ kan, kí á fi pín gbogbo ìwọ̀n náà láti mọ iye ẹyọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí yóò fọwọ́ kan àpò sódà wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ààbò; ó máa ń jó ara, ojú sì ni ó lè bà jẹ́ jù.

Tánkì ni ó gba sùúrù jù. Nínú tánkì àdín tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 4, sẹ̀ǹtímítà kan péré lórí ọ̀pá ìwọ̀n jẹ́ nǹkan bíi lítà 126, èyí tí ó tó kílò 113. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n ti kọ àṣìṣe tí ó ju àpò sódà mẹ́rin lọ ní ìwúwo. Oṣù Kejìlá ni a sì ń kà, nígbà tí ọyẹ́ ti wọlé. Àdín máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí ooru rẹ̀ bá wálẹ̀ sí nǹkan bíi 28 sí 24 lórí ìwọ̀n Celsius, àárọ̀ kùtù ọyẹ́ sì tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí ọ̀pá ìwọ̀n tí wọ́n sọ̀ sínú tánkì ní agogo méje àárọ̀, tí ó dúró gbọnyingbọnyin, tí ẹni tí ó dì í mú sì rò pé ìsàlẹ̀ ni ó kàn. Orí àdín dídì ni ó dúró sí, ó ṣì ku bíi ìbàdí èèyàn kí ó tó kan irin. A ní láti tan ooru sínú páìpù tí ó wà nínú tánkì, kí á dúró kí gbogbo rẹ̀ yọ́, kí á kọ bí ó ṣe gbóná tó sílẹ̀, nítorí epo gbígbóná máa ń fẹ̀, kí á tó wá sọ ọ̀pá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí á sì wo ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Epo ní í léfòó, omi ní í rì. Ní ọdún 1963, ní Bayonne ní ìpínlẹ̀ New Jersey, oníṣòwò epo kan tí ń jẹ́ Tino De Angelis yá owó rẹpẹtẹ lórí epo sóyà tí ó sọ pé ó kún àwọn tánkì òun. Àwọn tí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò sọ ọ̀pá sílẹ̀ láti òkè, epo sì ni wọ́n rí lára rẹ̀. Omi òkun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tánkì náà, epo kàn bò ó lórí ni, páìpù sì so àwọn tánkì kan pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí epo kan náà fi lè ṣí kúrò nínú ọ̀kan lọ sínú èkejì. Àdánù tí ó bá àwọn tí ó yá a lówó lé ní mílíọ̀nù 150 dọ́là. Ilé iṣẹ́ tiwa kò ní oníjìbìtì, ṣùgbọ́n páìpù ooru máa ń jò, òjò sì máa ń gba ẹnu tánkì wọlé. Ìgò kékeré kan wà tí a so irin mọ́ nídìí, tí a ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀, tí a sì ń fa ìdérí rẹ̀ nígbà tí ó bá kan ìsàlẹ̀, kí ohun tí ó wà níbẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ ra á. Sẹ̀ǹtímítà 20 omi nínú tánkì tí mo sọ yìí lé ní lítà 2,500, iye àdín ni a ó sì máa kọ sí i bí a kò bá wò ó.

Bí a bá ti kà tán, kí ikọ̀ mìíràn tún un kà láìwo ìwé àwọn ti ìṣáájú. Ibi tí ìwé méjèèjì kò bá ti fẹnu kò, kí ẹni kẹta lọ. Kí ọ̀dítọ̀ tàbí ọ̀gá kan sì mú ohun mélòó kan láti orí ìwé kíkà, kí ó lọ wá wọn nílẹ̀, kí ó tún mú ohun mélòó kan nílẹ̀, kí ó wá wọn lórí ìwé. Ti ìṣáájú yóò fi ohun tí a kọ tí kò sí hàn án, ti ìkejì yóò fi ohun tí ó wà tí a kò kọ hàn án.

Ìgbà yìí nìkan ni ó tó kí á ṣí kọ̀ǹpútà láti fi iye rẹ̀ wé tiwa. Àlàfo yóò wà. Mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe kánjú pa ìwé rẹ́ kí ó lè bá ilẹ̀ mu, kí ẹ má sì ṣe kánjú pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnìkan kọ kílò níbi tí ó yẹ kí ó kọ àpò. Èyí nìkan máa ń tán ìdajì àríyànjiyàn. Ẹ wo wébíìlì tí kò tíì wọ inú kọ̀ǹpútà, ọjà tí oníbàárà dá padà tí wọ́n gbé sí igun kan, ìlànà ìpòpọ̀ tí kò bá ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ gan-an mu mọ́. Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá tán, tí àlàfo sì ṣì wà, nígbà náà ni a lè sọ̀rọ̀ ààbò àti kọ́kọ́rọ́. Ọjà tí ó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ìlànà ìṣirò tí a ń pè ní IAS 2 ní kí á kọ ọjà sílẹ̀ ní iye tí ó ná wa tàbí iye tí yóò kù fún wa bí a bá tà á, èyí tí ó bá kéré jù. Ọṣẹ tí ó ti là, tí ó sì ti pàdánù òórùn rẹ̀, ẹyọ ni ẹyọ ṣì ń jẹ́ lórí ìwé kíkà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò lè jẹ́ ti ọṣẹ tuntun, nítorí náà kí ẹni tí ń kà kọ bí ó ṣe rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń ka ohun tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, bí àdín àti lọ́fínńdà, lóṣooṣù, wọ́n sì ń ka ìyókù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún. Mo fara mọ́ ọn, nítorí pé ohun tí èèyàn ń ṣe lóṣooṣù kì í bà á lẹ́rù.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ti Bàbá Sítọ́ọ̀, ilé iṣẹ́ náà kéde kí á tó kà pé wọn kò ní yọ owó oṣù ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí àlàfo tí ẹni náà fúnra rẹ̀ bá fi hàn. Káàdì kò sí lára pákó mọ́. Bàbá dúró ti ikọ̀ kejì, nígbà tí wọ́n sì dé ibi páálí òfìfo, ó ní kí wọ́n tú ìdìpọ̀ tí ó wà lẹ́yìn, ó ní òun rò pé kò pé. Kò pé lóòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ bí ó ṣe wà. Nígbà tí ó di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí ìwé kíkà tí ó kẹ́yìn ti padà wá, tí a sì ti ka ewé ìwé náà fúnra rẹ̀ pé ó pé, a ní kí wọ́n ṣí géètì. Wébíìlì 4417 ni a ti kọ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná bí èyí tí ó jáde kẹ́yìn. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tan iná, ẹ̀ṣọ́ na ìwé sókè lábẹ́ gílóòbù kí ó lè rí i, ó sì ké sí wa láti ẹnu ọ̀nà pé 4418 ni.